Bánjò Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà? Àlàyé fún Ẹni Tó Ti Pinnu Láti Ta Á Dójú Àmì

Ohun tó kọ́kọ́ ń da orí àwọn tó fẹ́ ra bánjò rú ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ohun èlò orin bíi márùn-ún ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni iye okùn wọn, bí a ṣe ń ta wọ́n àti irú orin tó bá wọn mu yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹni tó ti ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àtijọ́ láti kékeré, ọ̀tọ̀ ni èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó rí àwọn ará Ireland lórí YouTube, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí orin bluegrass àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀ lára, ọ̀tọ̀ ni èyí tí òun náà ń wá. Bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá jọ wọ ilé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀, tí olùtajà sì gbé bánjò kan ṣoṣo tó ní kalẹ̀ fún wọn, ó kéré tán, méjì nínú wọn yóò ra ohun tí kò ní wúlò fún wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ orúkọ ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣíwájú.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bánjò tí àwọn àgbà mọ̀ ni ti àwọn oníjùjú ìbẹ̀rẹ̀. Túndé King, tó wà lára àwọn tó fi ìdí orin jùjú múlẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, bánjò olókùn mẹ́fà ló ń ta, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyìndé Bákàrè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ HMV lọ́dún 1937, ukulele-banjo kékeré olókùn mẹ́rin ni òun fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé ó gbé gìtá oníná wọ inú jùjú lọ́dún 1949. Bánjò olókùn mẹ́fà yìí, ara bánjò ló ní, ṣùgbọ́n ọrùn gìtá ló wà lára rẹ̀, bí a sì ṣe ń to ohùn gìtá náà ni a ń to tirẹ̀: E, A, D, G, B, E (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ohùn okùn kan). Ẹni tó bá mọ gìtá ta lè rà á ní àárọ̀ kí ó sì gbé e lọ òde àríyá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní tenor ní ọrùn kúkurú, frẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, 17 tàbí 19 ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn onijáàsì ọdún 1920 ń tò ó sí C, G, D, A. Àwọn ará Ireland rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí G, D, A, E, èyí tó bá ohùn gòjé òyìnbó mu. Píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ìka dì mú, ni wọ́n fi ń ta á. Plectrum náà ní okùn mẹ́rin, àmọ́ ọrùn tirẹ̀ gùn. Àwọn tó ń wá a kò pọ̀ mọ́, n kò sì ní dá yín dúró lórí rẹ̀.

Olókùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ní lọ́kàn lónìí bí wọ́n bá sọ pé bánjò. Ẹ óò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: okùn karùn-ún rẹ̀ kúrú ju àwọn yòókù lọ, kò dé orí ọrùn, ibi frẹ́ẹ̀tì karùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò ló sì ń ta á. Òkè pátápátá, níbi tí ẹni tó mọ gìtá ti ń retí okùn tó dún nílẹ̀ jù lọ, ni okùn tó dún tínrín jù lọ wà. G, D, G, B, D ni ìtò tó wọ́pọ̀ jù fún un. Oríṣi ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà ta á. Ọ̀kan ni ti oníka mẹ́ta, tí Earl Scruggs sọ di mímọ̀ nígbà tó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin bluegrass Bill Monroe ní ìparí ọdún 1945. Ìkejì ni clawhammer, tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, níbi tí ẹ̀yìn èékánná ti ń lu okùn wálẹ̀ tí àtàǹpàkò sì ń dá okùn kúkurú lóhùn. Bí àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ṣe ń ta akonting, ohun èlò olókùn wọn, títí di òní nìyẹn. Bánjò kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Jàmáíkà, sí àwọn erékùṣù tó yí i ká àti sí Amẹ́ríkà ni wọ́n fi akèrègbè, awọ àti igi ṣe bánjò àkọ́kọ́; Hans Sloane, dókítà tó dé Jàmáíkà lọ́dún 1687, fi àwòrán irú rẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1707.

Ìmọ̀ràn tèmi lórí èyí kò lọ́jú pọ̀. Bí ẹ bá ń ta gìtá ní ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ kan, tí ohun tí ẹ sì fẹ́ kò ju ohùn jùjú àtijọ́ náà lọ, ẹ ra olókùn mẹ́fà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í ṣe bánjò gidi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orin olókùn márùn-ún ló wù yín, ẹ má ra olókùn mẹ́fà nítorí pé ó rọrùn fún ìka yín. Okùn kúkurú tí àtàǹpàkò ń ta láìdúró yẹn ni ẹ̀mí orin náà, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá lórí ọrùn gìtá tí yóò mú un jáde bó ṣe yẹ. Láti ibí lọ, olókùn márùn-ún ni n óò máa sọ̀rọ̀ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí n óò sọ bá àwọn yòókù mu pẹ̀lú.

Ìpinnu kejì ni ẹ̀yìn bánjò náà. Òmíràn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ẹ bá yí i padà ẹ óò rí inú rẹ̀. Òmíràn ní ọpọ́n igi tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí resonator. Ọpọ́n yìí kò jẹ́ kí ohùn wọ inú aṣọ àti ikùn ẹni tó ń ta á, iwájú ló ń darí rẹ̀ sí. Ó ń ké, ó sì ń mú. Àwọn tó ń ta bluegrass kò lè ṣe láìsí i, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ ké ju gòjé àti gìtá lọ láìsí ẹ̀rọ, ohun tó sì dára nìyẹn ní ìlú tí iná lè lọ ní àárín orin. Ti ẹ̀yìn ṣíṣí rọ̀ létí, ó fúyẹ́, ó bá clawhammer àti orin inú ilé mu. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Àgbowó, tí ògiri nìkan ló là á láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀, yóò mọ èyí tó yẹ òun. Àwọn bánjò kan wà tí ẹ lè tú ọpọ́n ẹ̀yìn wọn kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́, tí ẹ óò sì tún dè é padà. Ìyẹn dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ irú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ wá lè béèrè ohun tó ń mú kí ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ. Níbí ni ojú ti ń tan àwọn ènìyàn jù, nítorí ohun tó ń dán kọ́ ló ń dún. Ìṣẹ́po ìkarahun tí wọ́n fi ya òdòdó sórí ọrùn, wúrà tí wọ́n fi kun irin, igi tí ọnà ara rẹ̀ ń tàn bí omi, gbogbo rẹ̀ ló ń gba owó, kò sì sí èyí tó fi ohunkóhun kún ohùn nínú wọn. Ohun mẹ́ta ni owó ti ń di ohùn: agbo igi tí awọ tẹ́ lé, òrùka irin tó wà láàárín awọ àti agbo náà, àti ọrùn.

Agbo igi, tí wọ́n ń pè ní rim, ni ìpìlẹ̀. Èyí tó dára ni wọ́n fi igi maple ṣe: wọ́n fi ooru rọ pákó gígùn mẹ́ta, wọ́n tẹ̀ wọ́n yípo, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ìpele mẹ́ta títí yóò fi nípọn, tí yóò sì le koránkorán. Ínǹṣì 11 ni fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Nínú àwọn èyí tí kò wọ́n, ẹ óò rí agbo tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀ lẹ̀ pọ̀ bíi ti pílíwúùdù, tàbí èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù dà lódindi. N kò sọ pé gbogbo alumíníọ̀mù ni kò dára. Àwọn kan ń dún kedere, wọn kì í sì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í jinlẹ̀, ẹni tó bá sì pinnu láti ta bánjò fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò tètè gbọ́ ibi tó mọ. Láti mọ irú agbo tó wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ní kí olùtajà tú ọpọ́n ẹ̀yìn; sùkúrù mẹ́rin tí ọwọ́ lásán lè yí ló sábà ń dè é. Kí ẹ wá wo etí agbo náà láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìlà àwọn ìpele igi ti hàn. Mẹ́ta tó nípọn ni ẹ ń wá. Olùtajà tó bá kọ̀ láti tú u, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Òrùka irin ni tone ring. Orí agbo ni wọ́n gbé e sí, orí rẹ̀ sì ni awọ tẹ́ lé. Èyí tí wọ́n fi idẹ àdàlù dà máa ń wúwo tó kílò kan ó lé, òun ló sì ń fún bánjò bluegrass ní agogo inú ohùn rẹ̀ àti ìró tó ń jà gèrè jáde kí ó tó dákẹ́. Ilé iṣẹ́ Fairbanks, tó padà bọ́ sọ́wọ́ Vega ní Boston, ti ń ṣe irú tirẹ̀ fún bánjò wọn tó ń jẹ́ Whyte Laydie láti ọdún 1901; nígbà tó di ọdún 1925, ilé iṣẹ́ Gibson mú bánjò Mastertone jáde, àwọn èyí tó ní òrùka pẹrẹsẹ tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì sì ni gbogbo oníbluegrass ń lé títí di òní, ní iye owó tó lè ra ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìpayà bá yín. Òrùka irin wúlò fún ẹni tó ń ta oníka mẹ́ta níwájú èrò. Kò pọn dandan fún clawhammer, kò sì pọn dandan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Deering, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1975, ń ṣe bánjò Goodtime láìfi òrùka irin sí i rárá: agbo maple onípele mẹ́ta, ọrùn maple, awọ àti ìkọ́ irin 16, kò sì ju nǹkan bíi kílò méjì lọ. Ohùn rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ bánjò tí wọ́n kó ọ̀ṣọ́ lé, nítorí pé igi àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ná owó lé. Òrùka irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n gbé ka agbo tí kò dára, ìwúwo lásán ló fi kún un, ẹni tó bá sì fi èjìká gbé bánjò kílò márùn-ún láti alẹ́ di ìdájí ní òde àríyá kan ní Ring Road yóò mọ̀ pé ìwúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọrùn ni mo fi sí ìkẹyìn, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bánjò tí ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ṣì ṣeé ta, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti yọ́ kò ṣeé ta rárá. Ẹ gbé e sójú bí káfíńtà ṣe ń yẹ pákó wò, láti òkè ọrùn sí ibi awọ. Ó yẹ kí ó tọ́, kí ó sì tẹ̀ díẹ̀ gan-an sẹ́yìn okùn ní àárín. Kò gbọdọ̀ lọ́. Ọrùn tó ní ọ̀pá irin nínú tí a lè yí, èyí tí wọ́n ń pè ní truss rod, ṣeé tún tọ́ bí ó bá tẹ̀; èyí tó lọ́, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti pàdé agbo igi. Kò gbọdọ̀ sí àyè láàárín wọn: bí ẹ bá lè ti ìwé kan bọ ibẹ̀, ohùn ń jò níbẹ̀. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní frẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fetí sí i. Ó gba àkókò, olùtajà lè máa mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí okùn bá ti ń hanrun ni ibi tí frẹ́ẹ̀tì ti ga tàbí ti rì. Ẹ fi ọwọ́ ra etí ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú: bí orí frẹ́ẹ̀tì bá ń gún yín lọ́wọ́, igi náà ti gbẹ tó ti súnkì. Ní Ìbàdàn, ìgbà ọyẹ́ ni èyí ń hàn jù, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí igi tó wá láti ilẹ̀ olótùútù bá bá afẹ́fẹ́ gbígbẹ wa pàdé.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó láìṣe é. Ẹ fi ìka kan okùn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ́ lókè frẹ́ẹ̀tì 12 gẹ́lẹ́, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ta á, kí ẹ sì mú ìka kúrò. Ohùn tínrín kan yóò jáde bí ti agogo. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn kan náà mọ́ frẹ́ẹ̀tì 12, kí ẹ sì tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ti ìkejì bá ga jù, bíríìjì (igi kékeré tí okùn gùn lé lórí awọ) ti sún mọ́ ọrùn jù. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, bíríìjì ti jìnnà jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gùn. Fún okùn kúkurú, frẹ́ẹ̀tì 17 ni ẹ óò lò, nítorí frẹ́ẹ̀tì karùn-ún ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá yapa lọ́nà kan náà, kì í ṣe àbùkù bánjò, bíríìjì nìkan ni ẹ óò sún. Bí ẹ bá sún bíríìjì títí tí wọn kò sì dọ́gba, àwọn frẹ́ẹ̀tì ni wọn kò gbé síbi tó yẹ, ìyẹn kò sì ṣeé tún ṣe.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ bíríìjì, igi kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé okùn sókè lórí awọ. Wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan. Okùn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bánjò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkèèrè máa ń dé pẹ̀lú okùn tó rọ̀ àti bíríìjì tó sùn sílẹ̀, kí awọ má baà fà ya lójú ọ̀nà. Ojú mi ló ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí àpótí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá láti Èkó, tó sì figbe ta: “Bọ̀dá, wọ́n ti já a lójú ọ̀nà o!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé fóònù láti pe olùtajà kí wọ́n tó rí ẹni tó sọ fún wọn pé, “Kò já, àbúrò. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ lọ́ okùn díẹ̀díẹ̀.” Láti mọ ibi tí yóò dúró sí, ẹ wọn láti eegun funfun tó wà lókè ọrùn dé frẹ́ẹ̀tì 12, kí ẹ sì fi ìwọ̀n kan náà ka láti frẹ́ẹ̀tì 12 lọ sí bíríìjì. Lára ọ̀pọ̀ bánjò olókùn márùn-ún, ìwọ̀n yẹn fi díẹ̀ ju ínǹṣì 13 lọ. Ẹ wá fi àyẹ̀wò ohùn méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn sún un síwá sẹ́yìn títí yóò fi gún.

Awọ náà ṣe pàtàkì, ẹni tó bá sì ti rí àwọn Àyàn tó ń sá gángan sóòrùn kí wọ́n tó lọ òde kò nílò àlàyé gígùn: awọ ẹran ń rọ̀ lójú òjò, ó ń le lójú oòrùn. Awọ ọmọ màlúù ni wọ́n ń lò fún bánjò títí di àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀rá líle tí wọ́n ń pè ní Mylar dé. Awọ ẹran ṣì wà fún ẹni tó fẹ́ ohùn rírọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ní ìlú tí òjò oṣù Keje lè bá òde àríyá nínú àgọ́, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi ṣe bánjò kan ṣoṣo tó ní. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá awọ ti fà tó, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríìjì: kò gbọdọ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí, kò sì gbọdọ̀ le bí tábìlì. Bánjò tó ń dún bùbù, tí ohùn rẹ̀ kò là, awọ rẹ̀ ló rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé kò dára. Àwọn ìkọ́ irin tó yí agbo ká ni ẹ óò fún, díẹ̀ níbí, díẹ̀ ní òdìkejì rẹ̀, kí ó lè fà dọ́gba. Ẹni tó bá fún apá kan pa, ó ṣeé ṣe kí ó fa awọ ya. Mo ti rí bánjò tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà lọ́pọ̀ nítorí pé “ohùn rẹ̀ ti kú,” tó sì jí nígbà tí wọ́n fún awọ rẹ̀.

Gíga okùn sí ọrùn ni ó kù lára títò rẹ̀. Ní frẹ́ẹ̀tì 12, nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta dára. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìka yóò máa dùn yín, ẹ óò sì rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò lè ta á; bí ó bá rẹlẹ̀ jù, okùn yóò máa hanrun. Bíríìjì tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ lè tún un ṣe. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni kí oníṣẹ́ kan sọ fún yín pé òun yóò yí ọ̀pá irin inú agbo, èyí tó so ọrùn mọ́ ọn, títí okùn yóò fi wálẹ̀. Ìyẹn lè ṣeé ṣe díẹ̀, bíńtín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí i lọ jìnnà, agbo ni yóò yọ́ kúrò ní yíyípo, ẹ óò sì ti fi owó ara yín ba ibi tó ṣe iyebíye jù jẹ́.

Àwọn ohun kékeré kan wà tí mo lè sọ ní ṣókí. Èyí tí a fi ń lọ́ okùn karùn-ún gbọ́dọ̀ ní jíà nínú. Èyí tí kò ní jíà máa ń yọ̀ padà, ẹni tó bá sì ti lo irú rẹ̀ nínú ooru mọ bí ó ti ń múni bínú tó. Ó dára bí wọ́n bá ti kan ìṣó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní spikes sí frẹ́ẹ̀tì 7 àti 9, kí ẹ lè kọ́ okùn kúkurú mọ́ ọn nígbà tí ohùn olórin bá ga sókè. Bíríìjì tó bá jẹ́ igi maple tí ẹ́bónì wà lórí rẹ̀ dára, kò sì wọ́n. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ nílò láti pààrọ̀ lára bánjò tẹ́ ẹ bá rà ní àlòkù.

Nípa owó, bí mo ti ń kọ èyí, Goodtime tuntun ju 500 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà, ẹ kò sì tíì san owó ìgbéwọlé. Ẹni tó fẹ́ òrùka irin gidi, agbo onípele mẹ́ta àti ọpọ́n ẹ̀yìn lápapọ̀ lè rí Recording King RK-R35 tàbí Gold Tone OB-250, tó máa ń wà ní nǹkan bí 1,000 sí 2,000 dọ́là; àwọn wọ̀nyí ni mo rò pé ó yẹ ẹni tó ti pinnu pé bluegrass ni òun yóò máa ta láìyẹsẹ̀. Kọjá ibẹ̀, bánjò yóò máa dára sí i, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò máa kéré sí i fún iye owó tí ẹ bá fi lé e. Mo gbà pé kí ẹ ra èyí tí ẹ kò ní tún pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún kan ju kí ẹ ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí bánjò olówó pọ́ọ́kú kò ní ẹni tí yóò rà á padà lọ́wọ́ yín ní ìlú yìí. Àlòkù láti ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ sàn ju tuntun tí kò ní orúkọ, bí ẹ bá ti lè ṣe àwọn àyẹ̀wò tí mo ti sọ.

Níbo ni ẹ óò ti rà á? Ìbàdàn kò ní bánjò púpọ̀ lórí àtẹ. Ọjà Òjúwòyè ní Mushin, níbi tí àwọn olóhun èlò orin pọ̀ sí, lè ní olókùn mẹ́fà tàbí olókùn márùn-ún, ẹ óò sì lè fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó san owó. Olùtajà kan á ní, “Ọ̀gá, orígínà ni o, ẹ wo bó ṣe ń dán!” Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Bí ó bá jẹ́ pé láti òkèèrè ni ẹ ti ń rà á, ẹ béèrè fún fídíò àyẹ̀wò frẹ́ẹ̀tì 12 àti fọ́tò etí agbo nínú. Olùtajà tó mọ ohun tó ń tà kì í kọ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, àpótí líle ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí ẹ sì máa pa á dé nígbà ọyẹ́ dípò kí ẹ gbé bánjò kọ́ ògiri; wọ́n ní kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkànrìnkàn tí ẹ fi omi rẹ̀ díẹ̀ nínú ike oníhò lè ṣèrànlọ́wọ́ láàárín àpótí náà. Okùn pẹ̀lú ṣòro. Okùn bánjò ní òrùka kékeré ní ìdí, ti gìtá tí ẹ óò rí rà ní ìlú ní kókó irin kékeré. Bí ti bánjò bá já lọ́jọ́ tí ẹ ní òde, ẹ fi píláyà fọ́ kókó yẹn kúrò nínú okùn gìtá tẹ́ẹ́rẹ́, oníwọ̀n .010 ínǹṣì, òrùka tí yóò kù ni ẹ óò fi kọ́ ọ sí irin ìdí bánjò, yóò sì ṣiṣẹ́ bí okùn àkọ́kọ́ tàbí ti karùn-ún. Fún okùn kẹrin, èyí tí wọ́n fi irin wé, oníwọ̀n .020 tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ra méjì.